Ipò Kẹsàn-án Mummy Veronica

Kò sí ìpàdé kankan tí wọ́n ti fẹnu kò pé ẹni tó bá dàgbà jù ni kó máa kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù. Ọ̀rọ̀ náà kàn ṣẹlẹ̀ ni. Ní Sátidé àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ ráúńdàsì àwọn obìnrin ìjọ Aládùúrà kan nítòsí Tavy Bridge ní London jáde lọ́dún 1992, rẹfirí òyìnbó béèrè ẹni tó máa ṣíwájú, gbogbo wọn sì fà sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n ní, "Mummy, ẹ máa lọ níwájú." Mummy Veronica, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, tí wọ́n ti lé lọ́gọ́ta ọdún, mú igi, wọ́n gbá a, wọ́n rọra rìn dé òpó àkọ́kọ́, àtẹ́wọ́ sì sọ. Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n ṣe dàgbà sí ni wọ́n ṣe ń tò. Bí wọ́n ṣe ń bu oúnjẹ nìyẹn, bí wọ́n ṣe ń jókòó ya fọ́tò nìyẹn. Ta ló máa wá sọ pé ti pápá gbọ́dọ̀ yàtọ̀?

Àpèkẹ́ ló sọ ọ́, ojú rẹ̀ sì rí nǹkan.

Ẹni tí kò bá mọ ráúńdàsì, àbúrò béèsìbọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà ni. Òpó mẹ́rin ni wọ́n máa ń rì mọ́ pápá. Ẹnì kan á ju bọ́ọ̀lù sí ọ, wàá fi igi kúkúrú gbá a, wàá sì sáré. Bí o bá yí òpó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ká kí wọ́n tó dá bọ́ọ̀lù padà, ráúńdà kan nìyẹn. Bí o bá dúró ní òpó kejì, ìdajì ni. Púpọ̀ nínú àwọn obìnrin náà ti gbá a rí nílé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní Iléṣà àti Abẹ́òkúta, nígbà tí ìbàdí wọn ṣì fúyẹ́. Nínú líìgì tí wọ́n wọ̀ ní Thamesmead, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń gba bọ́ọ̀lù ọgbọ̀n ní apá kìíní, ọgbọ̀n ní apá kejì. Ẹni mẹ́sàn-án á máa gbá a ní tẹ̀léǹtẹ̀lé, bí ìlà bá ti tán, ẹni àkọ́kọ́ á tún bẹ̀rẹ̀.

Àpèkẹ́ kì í gbá bọ́ọ̀lù. Orúnkún rẹ̀ ti bàjẹ́ níbi tó ti ń kúnlẹ̀ fọ àtẹ̀gùn ní ọ́fíìsì kan ní Woolwich, nítorí náà Uncle Adégbọlá, awakọ̀ bọ́ọ̀sì tó dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ tó sì jẹ́ máníjà wọn, ní kó máa kọ iye. Iṣẹ́ tí wọ́n máa ń fún ẹni tí wọn ò mọ ohun tí wọ́n lè fi ṣe ni. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè ohun tó ń ṣe nílé kó tó wá. Ọdún mẹ́fà gbáko ló fi ṣiṣẹ́ ìṣirò ní mínísírì iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Abẹ́òkúta, tó ń ka iye kòkó tí oko kọ̀ọ̀kan so, tó sì ń wádìí ìdí tí tibí fi so tí tọ̀hún ò so. Dípúlómà rẹ̀ wà nínú àpótí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógójì ni, ìlú London ò sì tíì bi í ní ìbéèrè kan tí ọpọlọ rẹ̀ lè dáhùn.

Ló bá ń bi ara rẹ̀. Nínú ìwé rẹ̀, ó kọ ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù, ibi tó gbá a sí, òpó tí ẹni náà sáré dé, àti ìdí tí kò fi kọjá ibẹ̀. Àwọn obìnrin rò pé iye ráúńdà lásán ló ń kọ. Ní láíbúrárì Woolwich, ó rí ìwé kan nípa béèsìbọ́ọ̀lù tó kún fún tábìlì láti iwájú dé ẹ̀yìn. Kò mọ eré náà, ṣùgbọ́n ó mọ tábìlì. Ó rí i pé ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn ará ibẹ̀ ti ń ka bí ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣe ń gbá a, wọ́n sì ń fi ohun tí wọ́n kà yan ẹni tó máa ṣíwájú àti ẹni tó máa kẹ́yìn. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ń dá rẹ́rìn-ín lórí bọ́ọ̀sì.

Ohun tí ìwé tirẹ̀ wá sọ fún un kò fara sin rárá. Ẹni mẹ́sàn-án, bọ́ọ̀lù ọgbọ̀n. Bí ìlà bá yí lẹ́ẹ̀mẹta, bọ́ọ̀lù mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ti lọ, ó ku mẹ́ta, àwọn mẹ́ta tó wà níwájú ló sì máa gbá wọn. Àwọn ìyá mẹ́ta tí wọ́n dàgbà jù ń gbá a lẹ́ẹ̀mẹrin, Kàfí ọmọ ogún ọdún, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá bíi ti ewúrẹ́, ń gbá a lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹni tí kò lè sáré ni wọ́n ń bẹ̀ pé kó tún wá sáré sí i, wọ́n sì ń pe ìyẹn ní ọ̀wọ̀.

Ní ìparí oṣù keje ọdún 1993, Uncle Adégbọlá kéde pé òun ń padà sílé, sí Ìjẹ̀bú-Igbó, kí ẹgbẹ́ wá máníjà mìíràn. Ìdíje mẹ́rìnlá ni wọ́n ti ṣe lábẹ́ rẹ̀, mẹ́ta péré ni wọ́n jàre. Ìgbìmọ̀ ìjọ, tí Daddy Obed jẹ́ alága rẹ̀, ní kí ẹni tó bá fẹ́ ipò náà wá fojú hàn lẹ́yìn ìsìn Sunday. Àpèkẹ́ fẹ́ ẹ. Kò tíì fẹ́ nǹkan báyẹn láti ìgbà tó ti dé ìlú yìí, bẹ́ẹ̀ ni kò díbọ́n pé òun ò fẹ́ ẹ.

Ẹni méjì ló wá. Brother Olúsọjí ló kọ́kọ́ wọlé, awakọ̀ takisí tó ti gbá bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ fún ilé-ìfowópamọ́ kan rí l'Ékòó. Ó wọ tíráàkísúùtù, ó so fèrè mọ́rùn, ó ní àdúrà àti eré ìdárayá ni ẹgbẹ́ nílò. Inú ìgbìmọ̀ dùn sí i. Kò gbá ráúńdàsì rí láyé rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó bi í.

Nígbà tó kan Àpèkẹ́, ó tẹ́ ìwé rẹ̀ sórí tábìlì. Ó ṣàlàyé pé nínú ìdíje mẹ́rìnlá, àwọn ìyá mẹ́ta àkọ́kọ́ ti gbá bọ́ọ̀lù 336, ráúńdà mọ́kànlá ni wọ́n rí mú wá. Àwọn mẹ́ta tó kéré jù gbá 252, wọ́n mú mẹ́rìnléláàádọ́rin wá. Bí wọ́n bá yí ìlà padà, kí ọmọdé ṣíwájú kí àgbà kẹ́yìn, ó tó ráúńdà kan àtààbọ̀ tí wọ́n máa fi lé ti tẹ́lẹ̀ nínú ìdíje kọ̀ọ̀kan. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, nínú mọ́kànlá tí wọ́n pàdánù, márùn-ún wà tó jẹ́ pé ráúńdà kan tàbí ìdajì ni wọ́n fi nà wọ́n.

Daddy Obed yọ awò ojú wọn. "Àpèkẹ́, ṣé ohun tí ò ń sọ ni pé kí Mummy Veronica kẹ́yìn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Lẹ́yìn Kàfí?"

"Lẹ́yìn gbogbo wọn, sà."

Daddy Obed ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àpèkẹ́ dáhùn pé òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà náà kò wọ kèrègbè. Inú kèrègbè ni ọ̀rọ̀ yìí wà. Ẹnì kan nínú ìgbìmọ̀ rẹ́rìn-ín, ó sì yára fi ikọ́ bò ó. Nígbẹ̀yìn, wọ́n ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan darí ìdíje kan nínú méjì tó kù: Àpèkẹ́ ní Sátidé tó ń bọ̀ pẹ̀lú àwọn wọ́dà obìnrin láti ọgbà ẹ̀wọ̀n Belmarsh, Olúsọjí ní Sátidé tó tẹ̀ lé e.

Ní Wednesday, tẹlifóònù dún ní fúláàtì Àpèkẹ́ ní ẹ̀sítéètì Woolwich Dockyard. Daddy Obed ni, ohùn wọn sì rọ̀ bí ohùn ẹni tó fẹ́ fúnni lẹ́bùn. Wọ́n ní àwọn ti ro ọ̀rọ̀ náà síwá sẹ́yìn. Ìwé rẹ̀ dára, ó sì mọ iṣẹ́ ju Olúsọjí lọ, àwọn náà rí i. "I will give you the post, my daughter. Ohun kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ ẹ́. Fi Mummy síwájú. Àwọn tó kù, tò wọ́n bó ṣe wù ẹ́. Orúkọ kan péré."

Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́. Orúkọ kan péré. Ẹni tó bá ti ń fọ àtẹ̀gùn láti ọdún méje mọ ohun tí ipò jẹ́, kódà ipò máníjà ẹgbẹ́ tí kì í yé pàdánù. Àpèkẹ́ ro iye rẹ̀: orúkọ kan yẹn ló ń gbá bọ́ọ̀lù jù, tó sì ń mú nǹkan wá kéré jù. Bí ó bá fi í sílẹ̀ síwájú, irọ́ ni yóò máa darí.

"Ẹ ṣeun, sà," ó wí. "Mi ò lè ṣe é."

Daddy Obed ní àwọn ò gbọ́. Ó tún un sọ, ó dágbére pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ó sì gbé fóònù kalẹ̀.

Nígbà tí Sátidé yóò fi dé, ọ̀rọ̀ ti ká gbogbo ìjọ. Àwọn kan ní Àpèkẹ́ ti ya aláfojúdi. Kàfí gan-an wá bá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, ó ń jẹ èékánná. "Auntie, I can't go before Mummy, you know. Màámi á pa mí. Fi ẹlòmíì síwájú, abeg." Àpèkẹ́ sọ fún un pé màmá rẹ̀ kò sí lórí ìlà, kó lọ mú igi.

Mummy Veronica dé nígbà náà, wọ́n wọ fìlà funfun, wọ́n sì ń bọ̀ tààrà. Gbogbo obìnrin yà fún wọn. Wọ́n dúró níwájú Àpèkẹ́, wọ́n béèrè ẹni tó máa kọ́kọ́ gbá a.

Àpèkẹ́ kúnlẹ̀. Orúnkún tó ń dùn ún náà ló fi kúnlẹ̀, sínú koríko tútù, lójú àwọn wọ́dà Belmarsh tí wọn ò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n kò fún ẹnikẹ́ni ní ìwé náà kó tún ìlà tò.

"Kàfí ni, mà. Ẹ̀yin lẹ máa kẹ́yìn. Ipò kẹsàn-án."

Mummy Veronica wo orí rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, wọ́n wá lọ jókòó sórí àga kan lẹ́bàá ìlà. Ìyẹn burú ju kí wọ́n bú u lọ.

Kàfí gbá bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ lọ sí ẹ̀bá adágún, ó sì yí òpó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ká kí wọ́n tó rí i mú. Lẹ́yìn ìyẹn, ọwọ́ àwọn ọ̀dọ́ balẹ̀. Oṣù kan ṣáájú, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí méje ni àwọn wọ́dà wọ̀nyí fi nà wọ́n. Lọ́jọ́ náà, nígbà tí bọ́ọ̀lù ìkẹyìn kúrò lọ́wọ́, Belmarsh ní méjìlá, ẹgbẹ́ ìjọ ní mọ́kànlá àtààbọ̀. Wọ́n pàdánù. Ìdajì ráúńdà kan ṣoṣo ni, ṣùgbọ́n pípàdánù ni pípàdánù, Daddy Obed sì ti wa ọkọ̀ wọn lọ kí wọ́n tó fa òpó yọ nílẹ̀.

Ní Sunday, lẹ́yìn ìbùkún, wọ́n kéde rẹ̀ pé Brother Olúsọjí ni máníjà, kò tiẹ̀ tíì darí ìdíje kankan. Wọ́n ní kí Àpèkẹ́ máa bá iṣẹ́ ìwé kíkọ rẹ̀ lọ, pé ẹ̀bùn tí Ọlọ́run fún un nìyẹn. Ìjọ ní "Àmín." Inú Àpèkẹ́ bà jẹ́ débi pé kò rí ẹnu fi kọ orin ìparí, ó kàn dúró, ó ń wo ẹ̀yìn ọrùn Olúsọjí. Kò sunkún. Ó ní òun ò ní fún wọn ní ìyẹn náà.

Ní Tuesday, lẹ́yìn tó tibi iṣẹ́ dé, ẹnì kan kan ilẹ̀kùn. Mummy Veronica ni, wọ́n gun àtẹ̀gùn ilé alájà mẹ́ta náà, wọ́n ń mí gúlegúle. Wọn ò jẹ́ kó parí ìkíni. Wọ́n ní kó gbé ìwé rẹ̀ wá.

Àpèkẹ́ gbé e wá. Mummy Veronica jókòó sídìí tábìlì ìdáná, wọ́n ṣí i láti ojú ewé àkọ́kọ́, wọ́n ń fi ìka tọ àwọn ìlà bí ẹni tó ti ka ìwé ìtọ́jú aláìsàn fún ọgbọ̀n ọdún. Tíì tí Àpèkẹ́ gbé fún wọn tutù. Wọ́n dé ibi tí Àpèkẹ́ ti ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, wọ́n sì dúró.

"Bọ́ọ̀lù méjìléláàádọ́fà. Ráúńdà méjì àtààbọ̀. Ṣé èmi nìyí?"

"Ẹ̀yin ni, mà."

"Gbogbo ìgbà tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún mi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ìgbà wo lo ti mọ̀?"

Àpèkẹ́ lè sọ pé ní oṣù tó kọjá ni. Kò sọ bẹ́ẹ̀. "Láti ọdún tó kọjá, mà."

Mummy Veronica pa ìwé náà dé. Wọ́n ní ní wọ́ọ̀dù, ìwé tó wà ní ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì kì í bẹ̀rù ẹnikẹ́ni. Bí ibà ọba bá ga, bẹ́ẹ̀ ni nọ́ọ̀sì á ṣe kọ ọ́, nọ́ọ̀sì tó bá sì rí i tó dákẹ́, wọ́n á lé e lẹ́nu iṣẹ́. "O rí mi fún odidi ọdún kan, Àpèkẹ́, o sì ń wò mí. Wọ́n ń fi mí ṣe ọmọ ọwọ́, gbogbo yín jókòó, ẹ̀ ń pàtẹ́wọ́." Wọ́n dìde. Àpèkẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀, nítorí òótọ́ ni, ó sì dùn ún ju ìkéde ọjọ́ Sunday lọ. Mummy di ọ̀pá àtẹ̀gùn mú, wọ́n sì rọra sọ̀ kalẹ̀.

Sátidé ìkẹyìn, àwọn obìnrin ẹgbẹ́ kan láti Woolwich ni wọ́n fẹ́ bá gbá a. Oòrùn mú, Daddy Obed wá pẹ̀lú gbogbo ìgbìmọ̀ láti wo máníjà tuntun. Àpèkẹ́ jókòó sórí koríko pẹ̀lú ìwé rẹ̀. Ó ti rò ó pé kí òun má wá, ó sì ní bí òun ò bá wá, wọ́n á sọ pé ìtìjú ni. Olúsọjí fọn fèrè. Ó bọ́ síwájú, ó ka orúkọ láti inú bébà pélébé kan, bó ṣe wà látijọ́.

"Mummy Veronica."

Mummy Veronica wà lórí àga wọn. Wọn ò dìde. Olúsọjí tún orúkọ náà pè, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní ẹ̀yin là ń dúró dè, mà.

"Mo gbọ́ ẹ," Mummy wí. "Ipò kẹsàn-án ni tèmi. Ẹni mẹ́jọ ṣì wà níwájú mi."

Olúsọjí wo bébà rẹ̀, ó wo Daddy Obed. Ó gbìyànjú láti pe ẹni tó kàn, Mama Títí, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta. Mama Títí ní ta lòun tí òun á fi gbá bọ́ọ̀lù kí Mummy tó gbá a láìjẹ́ pé Mummy fúnra wọn ló sọ pé kí òun lọ. Ó pe ẹni kẹta, ohùn kan náà ni. Àṣà tí wọ́n ti ń gbé gẹ̀gẹ̀ láti ọdún tó kọjá ti jókòó sórí àga, kò sì sẹ́ni tó lè gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Rẹfirí wo aago.

Daddy Obed wá, wọ́n tẹrí ba díẹ̀. "Mummy, ẹ jọ̀ọ́. Nítorí ọ̀wọ̀ yín la ṣe ṣe gbogbo èyí."

"Obed, ta ló dàgbà jù nínú àwa méjèèjì?"

"Ẹ̀yin ni, mà."

"Nígbà náà, bọ̀wọ̀ fún mi, kí o jẹ́ kí n jókòó. Ọ̀wọ̀ tí ò jẹ́ kéèyàn mọ òótọ́ nípa ara rẹ̀, mi ò fẹ́ ẹ mọ́." Wọ́n yíjú sí orí koríko. Ojú wọn ò rẹ́rìn-ín rárá, wọn ò tíì dárí ji ẹnikẹ́ni. "Àpèkẹ́, dìde. Pe orúkọ."

Àpèkẹ́ dìde. Orúnkún rẹ̀ dún, àwọn tó wà nítòsí gbọ́ ọ. Kò wo Daddy Obed, kò wo Olúsọjí tó ti ń tú okùn fèrè lọ́rùn. Ó ṣí ìwé sí ojú ewé tuntun, ó sì pe Kàfí. Kàfí ti ń sáré lọ mú igi kó tó pe orúkọ náà tán. Ó pe èkejì, ó pe ẹ̀kẹta, ohùn rẹ̀ ń le sí i bó ṣe ń lọ, ẹnì kọ̀ọ̀kan sì ń bọ́ sórí ìlà láìwo ẹ̀yìn. Mama Títí ni ẹ̀kẹjọ. Ó wá ku ọ̀kan.

"Mummy Veronica," ó pè.

Mummy Veronica jókòó dáadáa lórí àga wọn, wọ́n tún fìlà wọn ṣe, wọ́n sì dá a lóhùn sókè kí gbogbo ìgbìmọ̀ lè gbọ́: "Yes, ma."